Ọkọ̀ Tí Ó Fọhùn ní Àgbàlá Ọdẹ́wálé

Bí ẹ bá dé Pobè lónìí, tí ẹ ní kí wọ́n fi Euloge awakọ̀ hàn yín, ẹ ó rí ọkùnrin kan tí ó ga, tí ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó máa ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí ó ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ita-Djèbou ni, ìdílé tí ń gbin ẹ̀gẹ́ tí ó sì ní ọ̀pẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ó ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun kò ní ṣe àgbẹ̀. Ó ti wa oríṣiríṣi ọkọ̀ láti Pobè dé Sakété, láti Sakété dé Àjàṣẹ́, àwọn ọkọ̀ àgbà tí ó jẹ́ pé okùn ni a fi ń so ìlẹ̀kùn wọn.

Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, etí ni awakọ̀ fi ń wakọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń hó, omi ti tán nínú rẹ̀. Bí ó bá ń wúkọ́, ẹ̀sáǹsì, epo ọkọ̀ inú ìgò tí a rà lẹ́bàá títì, ti ní omi nínú. Bí ó bá dákẹ́, ọkọ̀ kú nìyẹn, kí èrò sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n máa tì í. Gbogbo wa ní agbègbè yìí ni a mọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí kò bá pariwo, òkú ọkọ̀ ni lójú tiwa.

Ìdí nìyẹn tí Euloge fi tẹ́ ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ̀, Ọdẹ́wálé tí ń ta epo pupa, ra ọkọ̀ tuntun. Tuntun tí mo wí yìí, ẹ má ṣì mí gbọ́ o, tuntun sí wa ni. Ó ti gbó díẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Kútọnu. Euloge bá ọ̀gá rẹ̀ lọ gbé e. Ó jókòó, ó tẹ ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀, iná kéékèèké tàn níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn kankan. Ó yọrí síta, ó ní, "Ọ̀gá, òkú ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ tà fún yín." Ọkùnrin tí ń tajà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí ó rọra tẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí rìn láìfọhùn, bí ológbò tí ó rí eku.

Ọkùnrin náà wá ṣàlàyé fún un. Ohun méjì ló ń gbé ọkọ̀ yìí rìn. Bátìrì ńlá kan wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ẹ̀rọ tí ń mu ẹ̀sáǹsì sì wà níwájú bíi ti ọkọ̀ gbogbo. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, tàbí tí ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín ìlú, iná inú bátìrì ló ń lò, kò ní pariwo. Bí ó bá dé títì tí ó fẹ́ sáré, tàbí tí ó ń gun òkè, ẹ̀rọ ẹ̀sáǹsì yóò jí, yóò gba iṣẹ́ ṣe. Bí èèyàn bá tẹ bíréèkì, agbára tí ọkọ̀ mìíràn ń sọ nù, èyí yóò sọ ọ́ di iná, yóò dá a padà sínú bátìrì. Kò sí pé à ń fi wáyà so ó mọ́ ara ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ ara rẹ̀. Euloge bi í pé kí ni òun yóò tẹ̀ nígbà tí òun bá fẹ́ kí ó kúrò lórí iná bọ́ sórí ẹ̀sáǹsì. Ọkùnrin náà ní, "O kò ní tẹ nǹkan kan. Ọkọ̀ ló ń pinnu."

Euloge kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkọ̀ wo ni yóò máa pinnu lójú awakọ̀? Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, ó ti mọ ìwà ọkọ̀ náà bí ẹni mọ ìwà ìyàwó. Ó mọ ibi tí yóò ti dákẹ́ àti ibi tí yóò ti jí. Ó mọ̀ pé bí a bá dá a dúró, tí a fi kílíìmù rẹ̀ sílẹ̀ kí inú rẹ̀ máa tutù, iná bátìrì ni yóò máa mu díẹ̀díẹ̀, láìsí ariwo, àfi ìgbà tí bátìrì bá lọ sílẹ̀ tí ẹ̀rọ yóò jí fúnra rẹ̀, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, tí yóò bọ́ bátìrì yó, tí yóò tún sùn. Ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwa yòókù kò mọ̀ ọ́n. A gùn ún, a gbọ́ tí ń dún tí ń dákẹ́, a rò pé Euloge ló ń ṣe é. A sì bi í léèrè, ẹ jọ̀ọ́, a bi í. Yóò kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dùn mọ́ ọn kí á máa wo òun bí oṣó.

Nígbà tó yá, Ọdẹ́wálé kú. Ìgbà oòrùn ni, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, tí ilẹ̀ gbóná débi pé adìẹ kò lè dúró lójú kan. Ó jí láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti kú sórí àga rẹ̀. Kò tíì darúgbó, kò sì ṣàìsàn lójú wa. Irú ikú bẹ́ẹ̀, ẹnu ayé kì í jẹ́ kó lọ lásán, àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kí a tó sin ín.

Ìyàwó rẹ̀ ni Victorine, ọmọ Aguidi lẹ́bàá Sakété. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún un, Gracia, tí kò tíì ju ẹni tó ń kọ́ bí a ti ń ka ìwé lọ. Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́wálé obìnrin ni Sabine, Tanti Sabine ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin yìí fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ dé ọ̀run, ṣùgbọ́n Victorine kò dùn mọ́ ọn rí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kan gbòógì, àfi pé láti ọjọ́ tí Victorine ti wọlé ni Ọdẹ́wálé kò ti wá jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí ni Bàbá Ògúnṣínà, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ ìsìnkú ni Bàbá ti pàṣẹ pé títí di ọjọ́ kẹjọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lórí àga olóògbé, kò gbọdọ̀ sùn sórí ibùsùn rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú àgbàlá. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpò Euloge, kò sí ẹni tó rántí gbà á.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹbí tún pé jọ. Láti òwúrọ̀ ni Euloge ti ń ru àga, tí ó ń ri ọ̀pá báàṣì tí a fi ń ṣíji bo àlejò mọ́lẹ̀. Oòrùn ti mú un débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ́ wọ inú ọkọ̀. Dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú, kò sí ẹni tó lè rí i láti ìta. Ó tan kílíìmù, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ sí i lójú. Ó sọ fún mi pé òun sunkún níbẹ̀, mo sì gbà á gbọ́, torí ọ̀gá rẹ̀ ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí ẹnìkan ń pe orúkọ rẹ̀ pé kó wá di ọ̀pá mú. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn jẹ́ẹ́jẹ́, kò pa ọkọ̀. Ó ní òun ń padà bọ̀ kíá, òun fẹ́ bá òtútù yẹn níbẹ̀.

Ó di ọ̀pá mú títí. Iṣẹ́ kan bí òmíràn. Nígbà náà ni Victorine jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó gbé igbá omi fún àwọn àgbà. Àga ti kún ọ̀nà, àfi kó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá. Bí ó ti ń yí iwájú rẹ̀ po, ó fi ọwọ́ kan tì í kó má baà ṣubú.

Ọkọ̀ ké.

Ó ké, ó sì ń gbọ̀n, kò sì sí ẹ̀dá alààyè nínú rẹ̀. Igbá bọ́ lọ́wọ́ Victorine, omi dà sí i lẹ́sẹ̀. Tanti Sabine dìde, ó ká ọwọ́ lérí, ó ní, "Ọdẹ́wálé! Àbúrò mi! O ti fọhùn! O ti fi ẹni náà hàn wá!" Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé etí títì kí n tó mọ̀ pé mò ń sá. Kí ẹnikẹ́ni má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó lágbára jù mí lọ ti ṣíwájú mi débẹ̀.

Bàbá Ògúnṣínà nìkan ni kò kúrò lórí àga. Ó ní, "Ta ló wọ inú ọkọ̀ yìí?"

Tanti Sabine yíjú sí ìdí ọ̀pá báàṣì. Ó ní, "Euloge, sofẹ́ẹ̀ rẹ̀ ni ẹ́. Ṣé o wọ ibẹ̀?"

Euloge sọ fún mi pé òtítọ́ wà lórí ahọ́n òun, ó ti múra àtijáde. Ṣùgbọ́n ó wo ojú àwọn èèyàn, ó rántí àṣẹ Bàbá, ó rí ara rẹ̀ bí ẹni tó lọ ń gbatẹ́gùn nínú ọkọ̀ òkú nígbà tí gbogbo ilé ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní, "Rárá, Tanti."

Ẹ̀rọ náà dún fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó sì dákẹ́ fúnra rẹ̀, bí ẹni tó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ìdákẹ́ yẹn ló tilẹ̀ burú jù. Bàbá Ògúnṣínà kọjú sí Victorine. Ó ní, "Victorine, kí lo ṣe fún ọkọ rẹ?"

Gbogbo wa retí kó búra, kó ké, kó fi ọmọ rẹ̀ ṣẹ́ èpè. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bo ojú, ó kúnlẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́. Ẹ jọ̀wọ́." Kò sọ pé òun kò ṣe nǹkan kan. Ó ya Euloge pàápàá lẹ́nu.

Bí ẹbí ṣe dájọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹjọ, Victorine yóò padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Aguidi. Gracia kò ní bá a lọ, ọ̀dọ̀ Tanti Sabine ni yóò máa gbé. Nígbà tí wọ́n bèèrè ẹni tí yóò gbé obìnrin náà lọ, Tanti Sabine ní, "Ọkọ̀ tó pè é ni kó gbé e lọ. Euloge ni yóò wà á."

Euloge ti yọ́ lọ pa ọkọ̀ náà nígbà tí gbogbo èèyàn lọ sẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, kò rí i pa. Odile ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ fún un, ó kàn ń wò ó. Odile ní kí ló dé, ó ní ibà ni. Odile se àgbo fún un, ó mu ún, ó korò, ó ní ìyà tó tọ́ sí òun nìyẹn. Ó lọ sílé Bàbá Ògúnṣínà láti jẹ́wọ́. Wọ́n ní Bàbá ń sùn, inú rẹ̀ dùn, ó padà. Ó tún lọ. Bàbá jí, ó fún un ní àga, ó ní kí ló dé. Euloge ní òun wá béèrè àlàáfíà Bàbá ni. A máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ fún wa bí oorun ẹni tó pa irọ́ ṣe ń rí kí ọjọ́ kan yẹn tó pé.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Victorine jáde pẹ̀lú báàgì kan. Gracia rọ̀ mọ́ ìró rẹ̀, wọ́n ń ṣí ìka ọmọ náà kúrò níkọ̀ọ̀kan, ọmọ náà ń ké, ìyá rẹ̀ kò ké. Ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó wọ ilé onílé. Euloge tẹ ibi tí ó máa ń tẹ̀, ọkọ̀ gbéra láìfọhùn. Ojú ti Euloge débi pé kò lè wo dígí tí ó fi ń wo ẹ̀yìn.

Láàárín Pobè, iná bátìrì ló ń gbé wọn lọ, kò sí ariwo kankan. Bí wọ́n ṣe bọ́ sórí títì Sakété tí Euloge tẹsẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ jí. Ó gbọ́ tí obìnrin náà mí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n dé ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀rọ sùn. Wọ́n tún gun òkè, ó jí, Victorine di àga mú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ, jíjí sùn, jíjí sùn. Wọ́n kọjá láàárín Sakété, ọkọ̀ tún dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni Victorine sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Euloge, ṣé kò ní dárí jì mí ni?"

"Ta ni, Ìyá Gracia?"

"Bàbá Gracia. Ṣé o kò gbọ́ ọ bó ṣe ń bú mọ́ mi láti Pobè?"

Victorine ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ òun kú, ọkọ òun sọ pé àyà ń dùn ún. Ọkọ náà ní kí òun pe Euloge kó wá gbé e lọ sọ́sibítù. Òun ní kó jẹ́ kí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀, pé ó ti máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ ẹ̀wà lálẹ́. Òun bu omi gbígbóná fún un. Òun fi òróró pa á láyà. Nígbà tí òun padà wọlé, ó ti lọ.

"Ọkọ̀ yìí ni ì bá gbé e lọ," Victorine ní. "N kò jẹ́ kó gbé e. Òun ló ké mọ́ mi lójú gbogbo ayé. Kí ni n bá sọ fún Bàbá pé n kò ṣe?"

Euloge sọ fún mi pé níbẹ̀ ni òun dín eré kù. Ó ti rò pé ilé nìkan ni irọ́ òun gbà lọ́wọ́ obìnrin yìí. Kò mọ̀ pé ó ti fi ọwọ́ òkú gbá a létí. Ó ya sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí oko ọ̀pẹ ti bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ìyá Gracia, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ẹ̀rù ba obìnrin náà, ṣùgbọ́n ó sọ̀kalẹ̀. Euloge fi kílíìmù sílẹ̀ kó máa fẹ́ gidigidi, ó jáde, ó ti gbogbo ìlẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Èmi náà kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣáà jẹ́ ká máa wò ó."

Wọ́n ń wò ó. Oòrùn ń pa wọ́n. Ọlọ́kadà zémìjàn kan dúró, ó ní ṣé ọkọ̀ wọn bàjẹ́ ni, Euloge ní kò bàjẹ́. Ọkùnrin náà wo ọkọ̀ tó dákẹ́, ó wo èèyàn méjì tó dúró tì í láìsọ̀rọ̀, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n tún dúró. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ jí, ọkọ̀ gbọ̀n. Victorine fò sẹ́yìn.

"Kò sẹ́ni nínú rẹ̀," Euloge ní. "Kò sẹ́ni nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà. Ebi iná ló ń pa bátìrì. Bí iná bá ti dín kù, ó máa ń jí fúnra rẹ̀, bó bá yó, á sùn. Èmi ni mo wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Ìyá Gracia. Oòrùn ló mú mi. Mo fi sílẹ̀ ní títàn. Ẹ̀yin kàn ń kọjá lọ ni."

Victorine dúró títí ẹ̀rọ náà fi sùn. Ó sún mọ́ ọn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níwájú, ọkọ̀ kò fọhùn.

"Àṣé Bàbá Gracia kò bá mi sọ̀rọ̀," ó ní.

"Rárá o."

"Kò sọ nǹkan kan fún mi."

"Kò sọ nǹkan kan."

Euloge ti rò pé yóò yọ̀. Ṣe ni obìnrin náà jókòó sórí koríko, ó bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ọkọ rẹ̀ fún. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó ti ń bá ọkọ tó ń bínú gbé. Ní báyìí kò sí ọkọ kankan mọ́. Euloge dúró tì í, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Nígbà tí Victorine sunkún tẹ́rùn, ó fi ìdí ìró nu ojú, ó gbé ojú sókè wò ó.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ náà, Ìyá Gracia."

"Láti ìdí ọ̀pá báàṣì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó dìde, ó gbọn koríko kúrò lára, ó wọ ọkọ̀. Ó ní, "Yí i padà."

A ṣì wà ní àgbàlá tí à ń jẹun nígbà tí wọ́n wọlé. Tanti Sabine ní kí ni obìnrin yìí gbàgbé. Euloge lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Bàbá Ògúnṣínà, ó sì jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Fi hàn wá."

Euloge tan kílíìmù, ó ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀, ó bọ́ sẹ́yìn. A yí ọkọ̀ ká, a ń retí. Ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Àṣé gbogbo ìrìn tí wọ́n rìn bọ̀, ó ti fi bọ́ bátìrì yó bámúbámú. Euloge mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Òógùn bò ó. Àwọn kan tilẹ̀ padà sídìí oúnjẹ wọn. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí rò pé irọ́ tuntun ni.

Tanti Sabine pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Obìnrin yìí ti fún un ní nǹkan jẹ lọ́nà. Ẹ wò ó bó ṣe ń làágùn! Ó fẹ́ sọ òkú di òpùrọ́." Ó bọ́ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé iwájú ọkọ̀, ó sì kọjú sí wa. "Èmi nìyí. Mo fọwọ́ kàn án. Ṣé ó ké? Àbúrò mi mọ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ọdẹ́wálé, dákẹ́, má dá wọn lóhùn."

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ nígbà tí ọkọ̀ jí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ariwo tí obìnrin yẹn ké, ìyẹn ni mo ṣì ń gbọ́. "Èmi kọ́! Èmi kọ́ o! N kò ṣe nǹkan kan fún un!" Gèlè bọ́ lórí rẹ̀, bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣubú sáàárín àga. Ẹ lè rò pé a rẹ́rìn-ín. A kò rẹ́rìn-ín o. Gbogbo wa ń gbọ́ ohùn ara wa ti ọjọ́ kẹta.

Bàbá Ògúnṣínà fi ohùn kan náà tí ó fi bi Victorine léèrè sọ̀rọ̀, kò gbé e sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Sabine, kí lo ṣe fún àbúrò rẹ?"

Tanti Sabine bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó ní òun kò lọ wò ó láti ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, pé òun ń bínú nítorí oúnjẹ. Ẹ̀rọ sùn. Bàbá dìde, ó ṣí fìlà, ó lọ bá Victorine níbi tó dúró sí. Ó ní, "Ìyàwó, ilé rẹ nìyí. Ọmọ rẹ nìyẹn. Fi ọ̀rọ̀ wa jì wá."

Gbogbo wa bẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà bẹ̀ ẹ́. Ó dáhùn fún gbogbo wa pé kò burú, pé a kò mọ̀ ni. Ó fa Tanti Sabine dìde pàápàá. Euloge ló kẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ́ kí Victorine tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Dìde. Àwọn wọ̀nyí kò mọ̀. Ìwọ mọ̀. N kò ní lé ọ níbi iṣẹ́, ọmọ lo ń fi í bọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún Gracia pé bàbá rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ yẹn tó ń sọ̀rọ̀, ó sì ti gbà wọ́n gbọ́. Èmi kò ní lè bá a sọ ọ́. Ìwọ ni yóò máa gbé e lọ sílé ìwé láàárọ̀. Ìwọ ni yóò sọ fún un pé bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀."

Euloge ní, "Mo gbọ́, Ìyá Gracia."

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, àgbàdo ti yọ orí nínú oko. Àràárọ̀ ni Euloge ń sọ fún Odile ìyàwó rẹ̀ pé òní ni òun yóò sọ ọ́. Mo bú u lánàá, mo ní kí ló ń dúró dè, ṣé ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí ni ojú ọmọdé yóò wá máa tì? Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n jẹ́ kí òun sọ bó ṣe máa ń rí fún mi.

Ó ní láàárín ìlú, ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ rárá. Yóò gbé báàgì ìwé lé itan, yóò na ọrùn síwájú, yóò máa retí. Bí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀nà ti ga sókè kí wọ́n tó yà sí ilé ìwé, ẹ̀rọ yóò jí. Ojú Gracia yóò là. Yóò tẹríba níbi tó jókòó sí, yóò ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá." Lẹ́yìn náà ni yóò wo Euloge nínú dígí.

"Tọ̀ntọ́n, kí ni wọ́n wí?"

Euloge ní òtítọ́ máa ń wà lórí ahọ́n òun nígbà náà, ó ti múra àtijáde.

"Wọ́n ní kí o jókòó dáadáa," ni ó máa ń sọ.

Ọmọ náà á sì jókòó dáadáa.